Róòsì Tí Kò Sí Lọ́jà Adó

Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ pupa Òkè-Ìlá l'Adó-Èkìtì sì ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà. Sátidé ni. Àwọn tó múra òde ìsìnkú ti ń dá ọ̀kadà dúró, wọ́n ká ìró sókè kí ẹrẹ̀ má bàa ta sí i. Ní àdúgbò yìí, ọ̀pọ̀ onílé ti da kọ̀ǹkéré bo iwájú ilé wọn pátápátá. Wọ́n ní koríko ló ń kó ejò wọlé. Ṣùgbọ́n ní ilé tí mo ń lọ, ilẹ̀ ṣì hàn. Ixora pupa ni wọ́n fi yí ọgbà ká, Queen of the Philippines dúró ti géètì pẹ̀lú ewé píǹkì rẹ̀, igi Masquerade méjì sì nà gbọọrọ lẹ́bàá ògiri.

Màmá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pe onílé náà. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó jókòó sórí àpótí kékeré, ó ń fi sísọ́ọ̀sì gé ewé tó ní àmì dúdú kúrò lára igi róòsì kan, ó sì ń kó wọn sínú ọ̀rá. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n má wulẹ̀ ba aṣọ mi jẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá."

"O ṣeun, ọmọ mi. Má tẹ ibẹ̀ yẹn o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ki ẹ̀ka bọ ilẹ̀ níbẹ̀ ni."

Kí n tó ríbi jókòó sí, ó ti na fóònù sí mi. Àwòrán òdòdó kan ló wà níbẹ̀: àárín rẹ̀ funfun, etí rẹ̀ pupa fòò bí ẹni rì í bọ inú sóbò. 'Double Delight' lorúkọ rẹ̀. Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ni Màmá ti rí i nígbà tó lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin wẹ ọmọ. Ó wà níwájú ilé aládùúgbò wọn, òórùn rẹ̀ a sì máa dé ojú títì. Láti ìgbà tí Màmá ti padà sílé, kò sí ọgbà òdòdó kan l'Adó tí kò tíì béèrè rẹ̀ níbẹ̀. Kò rí i.

Òdòdó náà kì í ṣe tuntun rárá. Àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Herbert Swim àti Arnold Ellis, ló dá irú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì jáde sọ́jà lọ́dún 1977. Róòsì méjì tó ń jẹ́ 'Granada' àti 'Garden Party' ni wọ́n fi bí i. Nígbà tó fi máa di 1985, àjọ àwọn olólùfẹ́ róòsì lágbàáyé ti kà á mọ́ àwọn róòsì tó ta yọ jù lọ. Ohun tó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu nípa rẹ̀ ni pé oòrùn ló ń kùn ún. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là, funfun ló pọ̀ jù. Bí oòrùn bá ti ń ràn sí i ni pupa etí rẹ̀ ń tàn wọ inú. Èyí tí wọ́n bá gbìn sínú ilé gíláàsì kì í pupa tó bẹ́ẹ̀.

"Ṣé oòrùn la máa wá wá kiri l'Adó ni?" Màmá bi mí, ó sì rẹ́rìn-ín. Tuntun ni òdòdó yìí fún Òkè-Ìlá, ìyẹn náà sì tó o.

Ẹni mẹ́ta ló ń wá a. Màmá fúnra rẹ̀ ni èkíní. Èkejì ni òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀, Bọ̀dá Akáńtì ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀kẹta ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta òdòdó lójú ọ̀nà Ìwórókò. Wọn kò dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọn kò yan alága. Fóònù ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ẹ̀ka igi ni wọ́n sì ń fún ara wọn. Lọ́jọ́ tí mo bá wọn rìn yìí, ẹrù kan ń bọ̀ láti Jos.

Kí a tó jáde, Màmá mú mi yí ọgbà ká. Róòsì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹjọ́ tirẹ̀. Èkíní, olódòdó píǹkì, ti pẹ́ ju ilé náà lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló gé ẹ̀ka rẹ̀ wá láti ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan. Kò sẹ́ni tó ń bomi rin ín. Ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ rí, ó tún hù. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀, ẹ ki í bọ ilẹ̀ tútù, kò ní pẹ́ ta gbòǹgbò. Òdòdó rẹ̀ kéré, kì í sì í dúró ju ọjọ́ mélòó kan lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí oṣù tí wọn kì í rí òdòdó lórí rẹ̀. Mo dúró tì í díẹ̀. Títí di nǹkan bí ìgbà tí ọ̀rúndún kejìdínlógún ń parí lọ, ọ̀pọ̀ róòsì ilẹ̀ Yúróòpù kì í tanná ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Àwọn róòsì tí wọ́n kó wọlé láti Ṣáínà ló fún wọn ní èyí tó ń tanná léraléra. Àwọn róòsì ilẹ̀ Ṣáínà yẹn náà ni ara wọn gba ooru jù. Èmi kò lè búra pé ti Màmá wà lára wọn, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ jọ tiwọn.

Èkejì ló pa mí lẹ́rìn-ín. Róòsì pupa ni Màmá rà, ó fi owó gidi rà á, ó sì tanná pupa lóòótọ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tanná funfun wínníwínní, ìdì kan ṣoṣo lè ní ogún. Àwọn aládùúgbò ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò le tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ róòsì tí wọ́n ń tà kì í dúró lórí gbòǹgbò ara wọn: wọ́n á yọ ojú kan lára róòsì tí òdòdó rẹ̀ dára, wọ́n á la èèpo róòsì mìíràn tí gbòǹgbò rẹ̀ lágbára, wọ́n á ki ojú náà sínú rẹ̀, wọ́n á fi ọ̀rá wé e títí wọn yóò fi di ara kan. Ní ọ̀pọ̀ ibi, èyí tó wà nísàlẹ̀ máa ń jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní Rosa multiflora, funfun wínníwínní sì ni òdòdó tirẹ̀. Bí ti òkè bá kú, ti ìsàlẹ̀ á hù jáde, á gba ilé. Róòsì pupa Màmá ti kú tipẹ́. Ìdí rẹ̀ ló ń bomi rin.

Ẹ̀kẹta, ti òdòdó yẹ́lò, ló ń ṣàìsàn. Àmì dúdú tó wà lára ewé rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí: irú olú kan tí ojú kò lè rí ló ń fà á, ìyẹn Diplocarpon rosae. Bí ewé bá wà ní tútù fún bíi wákàtí méje, àyè ti gbà á láti wọ ara rẹ̀ nìyẹn. Nínú oṣù kẹfà, ewé wo ló máa gbẹ l'Adó? Ìdí nìyí tí Màmá fi ń gé wọn sínú ọ̀rá, tó sì ń sun wọ́n lẹ́yìn ilé. Ìdí igi ló ń bomi rin, láàárọ̀. Kì í da omi lé ewé lórí láé.

Bọ̀dá Akáńtì fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa. A kọ́kọ́ ya ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin olódòdó náà, nítorí pé òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi ojú igi lẹ̀ mọ́ igi. Ibi tó ń lò kò ju ẹ̀gbẹ́ títì lọ: imọ̀ ọ̀pẹ ló fi ṣe ìbòòji, àwọn ọ̀rá dúdú tó kún fún ilẹ̀dú tò gbọọrọ, ìgbẹ́ adìyẹ gbígbẹ wà nínú àpò, túùbù omi kan sì nà wá láti kànga. Koríko ìtẹ́lẹ̀ ló ń tà jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Masquerade, ọ̀pẹ òyìnbó àti Ixora, nítorí pé àwọn ilé ìtura, ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn tó ń kọ́lé tuntun ni oníbàárà rẹ̀, ohun tó máa yára bo ilẹ̀ tàbí bo ògiri ni wọ́n sì ń fẹ́. Róòsì wà ní kọ̀rọ̀, kò pọ̀.

Mo béèrè irú róòsì tó ní.

"Pupa wà, píǹkì wà, funfun wà. Yẹ́lò ti tán."

Mo ní orúkọ wọn ni mò ń béèrè. Ó wò mí, ó wo Màmá. Ó ní àwọn tó ń kó o wá fún òun kò sọ orúkọ, kò sì sí oníbàárà tó béèrè rí, àfi Màmá. Kò purọ́. Bí mo ti rí i yìí náà ló rí ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ta òdòdó nílẹ̀ Yorùbá tí mo ti dé: àwọ̀ ni wọ́n fi ń ta róòsì. Ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀gẹ́ máa béèrè èyí tó tètè ń gbó tàbí èyí tó dára fún gàrí, ẹni tó fẹ́ ra iṣu á dárúkọ irú tó ń fẹ́, ṣùgbọ́n róòsì, "pupa" ti parí ọ̀rọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò fẹ́ kí a ka òun sí ọ̀lẹ. Ó mú páálí kékeré kan jáde tí ó rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: irúgbìn "róòsì aláwọ̀ aró", àwòrán òdòdó búlúù bíi ti ojú ọ̀run wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti gbin ìdajì. Ohun tó hù jáde, Màmá ní tẹ̀tẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: irọ́ ni róòsì aláwọ̀ aró tí wọ́n ń ta irúgbìn rẹ̀ kiri. Ẹ̀dá róòsì kò ní èròjà tó ń sọ òdòdó di búlúù. Ilé iṣẹ́ Suntory ní Japan lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí rẹ̀, wọ́n mú èròjà náà láti ara òdòdó mìíràn wọ inú róòsì, wọ́n sì gbé 'Applause' jáde sọ́jà ní 2009. Síbẹ̀, elésè àlùkò tó ṣí díẹ̀ ni, kì í ṣe aró. Ohun kejì ni pé irúgbìn kì í mú róòsì jáde bí ìyá rẹ̀ ṣe rí. Ẹni tó bá fẹ́ 'Double Delight' gbọ́dọ̀ rí ẹ̀ka tàbí ojú ara 'Double Delight'. Kò sí ọ̀nà mìíràn.

Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ̀nà gáréèjì. Nínú mọ́tò ni àríyànjiyàn tí mo ti ń gbọ́ nípa rẹ̀ tún ti bẹ́ sílẹ̀. Ọmọ Màmá tó wà ní Houston ti sọ pé òun á gé ẹ̀ka mẹ́rin, òun á fi ìwé ìròyìn tútù wé wọn, òun á tì wọ́n sáàárín aṣọ nínú báàgì nígbà tí òun bá ń bọ̀ wálé ní Kérésìmesì. Ta ló máa mọ̀? Ọ̀dọ́mọkùnrin olódòdó náà fara mọ́ ọn. Ó pa á lówe pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bọ̀dá Akáńtì ní àáké yẹn lè ba oko olóko jẹ́.

Ó mọ ohun tó ń sọ. Òfin ilẹ̀ wa ni pé kí ẹnikẹ́ni tó kó ewéko ààyè wọlé, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NAQS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ ẹnu ibodè nítorí àrùn igi àti ẹran. Orílẹ̀-èdè tí igi náà ti ń bọ̀ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé ẹ̀rí pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò sì rí kòkòrò lára rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, APHIS ló ń fúnni, ní Bìrìtìkó, APHA ni. Wọ́n á fọ iyẹ̀pẹ̀ ara gbòǹgbò rẹ̀ dànù. Tí igi náà bá dé, àwọn òṣìṣẹ́ lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ dá a gbìn lọ́tọ̀ kí wọ́n lè máa wò ó. Moor Plantation n'Ìbàdàn ni ọgbà tí wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀ wà.

Ẹni tó bá rò pé àṣejù ni èyí, kó bi àwọn àgbẹ̀ Èkìtì léèrè. Ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kòkòrò kan tí ara rẹ̀ funfun bí ẹni pé wọ́n bu ìyẹ̀fun sí i bá igi ẹ̀gẹ́ wọ ilẹ̀ Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Kò sí ọ̀tá rẹ̀ níhìn-ín, ó sì jẹ ẹ̀gẹ́ run láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. IITA n'Ìbàdàn àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ló wá agbọ́n kéékèèké tó ń pa á kàn ní ilẹ̀ tó ti wá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní 1981. Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Ẹ wo ewé Akíntọ́lá tó bo gbogbo oko àpatì wa: wọ́n ní àárín irúgbìn igi Gmelina tí wọ́n kó wá láti Ceylon ló bá wọlé, ní nǹkan bíi 1937. Ewéko orí omi olódòdó elésè àlùkò tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi ní Èkó àti Ìlàjẹ ńkọ́? Nítorí ẹwà òdòdó rẹ̀ ni wọ́n ṣe kó o káàkiri ayé. Ní 1984 ni wọ́n rí i ní odò Badagry. Òdòdó lásán ni.

Màmá dákẹ́ títí tí a fi kọjá Fajuyi Park. Ó wá ní òun náà kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ kòkòrò ẹ̀gẹ́ yẹn ní kíláàsì, ojú á wá ti òun tó bá jẹ́ òun ló kó òmíràn wọlé nínú báàgì. Ọ̀rọ̀ báàgì parí níbẹ̀.

Mo rántí ìtàn kan, mo sì sọ ọ́ kí ara wọn lè yá. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń wọlé bọ̀, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Francis Meilland ní róòsì tuntun kan lọ́wọ́, kò sì fẹ́ kó ṣègbé. Ó fi ẹ̀ka rẹ̀ ránṣẹ́ sí Jámánì, Ítálì àti Amẹ́ríkà. Wọ́n ní aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní ìlú Lyon ló bá a gbé dìdì kan lọ. Ogun dí ọ̀nà, ìròyìn já. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin 1945, wọ́n sọ róòsì náà lórúkọ ní California: 'Peace'. Bọ̀dá Akáńtì ní ṣé aṣojú ìjọba yẹn gba ìwé àṣẹ? A rẹ́rìn-ín dé gáréèjì.

Ẹrù náà ti dé ṣáájú wa. Bọ́ọ̀sì òru ló gbé e láti Jos dé Akúrẹ́, mọ́tò kékeré sì gbé e gba Ìkéré wá. Wéébìlì ni wọ́n ń pè é ní gáréèjì: ẹ sanwó fún awakọ̀, ẹ gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ẹ sì máa gbàdúrà kó má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni, wọ́n lu ihò sí i lára. Màmá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ru ú. Ó gbé e lé itan títí a fi padà dé abẹ́ ìbòòji ọ̀nà Ìwórókò.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Jos? Nítorí òtútù ni. Jos ga tó nǹkan bíi 1,200 mítà sí ojú òkun, Adó kò sì tó ìdajì rẹ̀. Róòsì fẹ́ oòrùn lọ́sàn-án, ó sì fẹ́ kí ilẹ̀ tutù lóru kó lè sinmi. Bí òru bá móoru, òdòdó rẹ̀ á kéré, á yára là, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣí. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé etí adágún Naivasha ní Kenya, níbi tó lé ní 1,800 mítà sí ojú òkun, ni wọ́n ti ń gbin róòsì tí wọ́n ń kó lọ sí Yúróòpù. Àwọn kan ń ki igi òdòdó irú ìyẹn, èyí tí wọ́n gbà lọ́jọ́ Fáláǹtáìnì, bọ ilẹ̀ pé kó hù. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń ṣẹlẹ̀. Igi tó ti sùn nínú fíríìjì láti oko dé ọ̀dọ̀ yín kò fi bẹ́ẹ̀ lókun mọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tú páálí. Róòsì mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú pákó tútù wà ní ìdí wọn, ewé mélòó kan ti pọ́n. Ara ọ̀kan kò ṣe dáadáa. A wá àmì orúkọ. Bébà kékeré ni wọ́n fi okùn so mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, bírò ni wọ́n fi kọ ọ́: "red", "yellow", "red", "orange", "pink", "red/white". Kò sí nǹkan mìíràn.

"Red/white" yẹn ni wọ́n ń retí. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ti fi àwòrán 'Double Delight' han Màmá lórí fóònù, ó ní òun gan-an nìyẹn. Ire kan ni pé èèhù òdòdó kan ti là dé ìdajì lórí rẹ̀ nínú òkùnkùn páálí. Màmá wọ awò ojú rẹ̀. Ó fi ìka méjì ṣí ewé òdòdó náà díẹ̀díẹ̀. Inú rẹ̀ pupa rokoṣo títí dé àárín. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló funfun.

"Kì í ṣe òun," Màmá ní.

Òótọ́ ni. Róòsì tó pupa nínú tó sì funfun lẹ́yìn kò ṣọ̀wọ́n. 'Osiria' ti ilẹ̀ Jámánì wà, 'Love' ti Amẹ́ríkà wà, méjèèjì ló sì lẹ́wà. Ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó lè má jẹ́. Ẹni tó tà á kò mọ̀, nítorí ẹni tó ta tirẹ̀ fún un kò sọ fún un. Bọ̀dá Akáńtì tẹ̀ ẹ́ láago, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ó béèrè irú gbòǹgbò tí wọ́n fi ojú náà lẹ̀ mọ́. Ìdáhùn tó rí gbà ni pé gbòǹgbò róòsì ni. Ìbéèrè náà kì í ṣe ìbéèrè ìwé o. Ní Florida, tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ iyanrìn tó kún fún àwọn aràn tíntín tó ń jẹ gbòǹgbò, gbòǹgbò 'Fortuniana' ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń lò, nítorí ó ń fara da aràn àti ooru. Gbòǹgbò tó dára fún òtútù Jos lè máà gbádùn Adó.

Wọn kò da àwọn igi náà nù. Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti po ilẹ̀dú, iyanrìn àti ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà pọ̀, wọ́n gbin márùn-ún tí ara wọn le sínú ọ̀rá, wọ́n sì rí i pé ojúkò tí òkè àti ìsàlẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra kò wọ inú ilẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi abẹ gé gbogbo èèhù òdòdó wọn kúrò kí agbára lè lọ sí gbòǹgbò. Èyí tó pupa tó funfun lẹ́yìn nìkan ni Màmá kò jẹ́ kó gé. Ó gbé e lọ sílé bẹ́ẹ̀. Mo rò pé àṣìṣe ni, n kò sì sọ fún un.

Ọ̀nà tó kù fún wọn ni èyí tó gùn. Bọ̀dá Akáńtì máa kọ̀wé gba àṣẹ lọ́dọ̀ NAQS. Ọmọ Màmá máa ra igi 'Double Delight' kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ní orúkọ rẹ̀, yóò sì gba ìwé ẹ̀rí APHIS. Oṣù kìíní ni wọ́n fẹ́ kó dé, nígbà tí òtútù ti mú kí róòsì Houston sùn, tí wọ́n lè fọ gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ láì pa á lára. Ọyẹ́ ni yóò pàdé níhìn-ín, nítorí náà abẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ ni yóò kọ́kọ́ wà. Tó bá ti fìdí múlẹ̀, ojú rẹ̀ ni wọ́n á máa yọ lẹ̀ mọ́ róòsì píǹkì àtijọ́ yẹn, èyí tí ewúrẹ́ kò rí pa. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ki ogún ẹ̀ka rẹ̀ bọ ilẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Kò sí ẹni tó máa bá wọn fa ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ oníròóòsì, nítorí irú tó jáde ní 1977 ti kúrò lábẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni tó dá a sílẹ̀ tipẹ́. Àwọn róòsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 2021 ni Nàìjíríà náà ti ní òfin tó ń dáàbò bo ẹni tó bá dá irú ọ̀gbìn tuntun sílẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀ka téèyàn bá rí gé ló lè sọ di ọjà.

Owó tí wọ́n ná sórí páálí Jos ìbá ti mú wọn dé ìdajì ọ̀nà yìí, ká ní ẹnì kan kọ orúkọ sára igi láti ìbẹ̀rẹ̀. Jíjìnnà Houston kọ́ ló mú kí róòsì yìí ṣòro rí l'Adó. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta òdòdó lójú ọ̀nà Ìwórókò, ní Ìbàdàn, ní Jos, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa béèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á fún yín, kí ẹ sì fi bírò tí òjò kò lè fọ̀ kọ ọ́ sára ọ̀rá: orúkọ òdòdó lókè, irú gbòǹgbò nísàlẹ̀. Tí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n. Màmá Tíṣà ṣì máa rà á.